Ẹ̀mú Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ Kamazou ní Kàdúná tí ẹ ń fi ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù yọ́ irin lẹ́yìnkùlé, mi ò bá yín jà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì sàn ju jíjókòó ti tẹ́tẹ́ lọ. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé iná nìkan lẹ ń lé. Ẹni tí iná rẹ̀ bá bú ramúramù jù lẹ ń pàtẹ́wọ́ fún. Ìkòkò tí irin ń yọ́ nínú rẹ̀ ńkọ́, kí lẹ fi ń gbé e? Pláyà méjì ni mo rí lọ́wọ́ ẹnì kan!

Iná kọ́ ni ìṣòro. Èédú àti ẹwìrì làwọn tó da orí idẹ tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní 1938 fi ṣiṣẹ́. Òmíràn nínú iṣẹ́ Ifẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́nbélé, bàbà kì í sì í yọ́ àfi tí ooru bá dé 1,085 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì. Alúmíníọ̀mù tẹ́yin ń yọ́, 660 péré ni. Ọ́ìlì á dé ibẹ̀, á tún kọjá rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀mú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ lọ sí ọjà Panteka, ẹ ra irin rọ́ọ̀dù àti irin pẹlẹbẹ. Méjì lẹ máa ní kí wẹ́dà bá yín ṣe. Àkọ́kọ́ ló ń gbé ìkòkò jáde nínú iná: kí apá rẹ̀ gùn débi pé ọwọ́ yín ò ní wà lókè ooru, kí ẹnu rẹ̀ sì tẹ̀ bí ikùn ìkòkò, kó gbá a mọ́ra díẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tó yọ jù. Ẹ má fi di etí ìkòkò mú. Ìkòkò amọ̀ oní-gráfáìtì tó ti pọ́n bí ẹ̀yìnná, tẹ́ ẹ bá fún un létí, ṣe ló máa ṣẹ́. Èkejì jẹ́ òrùka irin tó ní apá, tí ìkòkò ń jókòó sínú rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dà á. Kẹ́ ẹ tó tanná rárá, ẹ bu yanrìn gbígbẹ kún ìkòkò tútù, ẹ fi ẹ̀mú gbé e, ẹ rìn, ẹ dà á sínú mọ́ọ̀dù. Bó bá mì, bó bá yọ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ wẹ́dà. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Ó wá kan ọ́ìlì. Ìta ni dúrọ́ọ̀mù ọ́ìlì àwọn mẹkáníìkì máa ń wà, òjò sì ń rọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí omi inú rẹ̀ silẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ bu tòkè, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú: wọ́n máa ń fi pẹtiróòlù fọ irin ọkọ̀, wọ́n á sì dà á síbẹ̀. Èyí tó bá ti ń rùn bí pẹtiróòlù, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ́ìlì kì í gbaná látinú òtútù, nítorí náà kẹrosíìnì tàbí gáàsì ni kẹ́ ẹ fi mú ògiri ààrò pọ́n ná, kẹ́ ẹ tó ṣí ọ́ìlì ní kíkán, kíkán.

Ẹ rántí pé iná mànàmáná lè lọ nígbàkigbà. Búlówà tó ń fẹ́ iná á dákẹ́, ọ́ìlì ò ní dákẹ́. Á máa ṣàn sínú ààrò gbígbóná, èéfín á bo gbogbo ibẹ̀, atẹ́gùn díẹ̀ báyìí á sì sọ ọ́ di ìbúgbàù. Kí táàpù ọ́ìlì wà níbi tọ́wọ́ lè tó láì kọjá níwájú iná, kí ẹnì kan sì dúró tì í, kó má ṣe nǹkan mìíràn.

Omi ni mo bẹ̀rù jù. Bó bá di ooru omi, ó ń gbà tó ìlọ́po 1,700 àyè tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ń pa omi mọ́ sínú. Tí irin yíyọ́ bá kán sí i, á fọ́n sókè sí yín lára. Orí yanrìn gbígbẹ ni kẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ wọ bàtà awọ, kí ṣòkòtò bo ẹnu bàtà. Aṣọ ọ̀rá ò bá iṣẹ́ yìí mu. Ẹ má ju ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ tẹ́nì kan ò tíì là sínú ìkòkò, torí ó lè bú gbàù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa da ìkòkò ọbẹ̀ bíi ti Ṣakí, ẹ ṣe sùúrù. Ní 2014, àwọn onímọ̀ tó yẹ ìkòkò tí wọ́n fi ajákù dà ní Kamẹrúùnù wò rí òjé tó ń yọ́ jáde sínú oúnjẹ. Zamfara ò jìnnà sí wa. Òjé, bí kì í tiẹ̀ ṣe látinú ìkòkò, pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé níbẹ̀ ní 2010. Ẹ da púlì, ẹ da ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Irin tó bá ṣẹ́kù, ẹ má jẹ́ kó dì sínú ìkòkò, torí bẹ́ ẹ bá tún tanná, ó máa wú, á la ìkòkò. Ẹ dà á sínú irin ángù tó ti gbóná, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ sí i lára, písítìn lọ́tọ̀, férémù fèrèsé lọ́tọ̀. Ti písítìn ló ń ṣàn dáadáa sínú mọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ bó bá ti tutù tán, ojú lásán ò lè yà wọ́n.