ỌWỌ́ TÍ Ó ṢE ISTINJAH ŃKỌ́?

 

Ẹ̀yin ọmọ kéú, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin jàmáà wa, ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ. Ó lè dà bí ẹ̀kọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí kò kà á sí pọ̀ ní gáréèjì, ní ọjà àti ní ibi iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí gbà pé ẹ̀kọ́ yìí kò kàn wá, nítorí pé à ń ṣe àlùwàlá lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ti ìrun ni àlùwàlá. Ẹni tí ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tí ó padà sídìí iṣẹ́, tí ó jẹ búrẹ́dì, tí ó sì bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ kí ìrun Àílà tó tó, kí ni àlùwàlá ọ̀sán fẹ́ ṣe sí i?

Ẹ jẹ́ kí á ṣí ìwé Risala tí Ibn Abi Zayd al-Qayrawani (ó kú ní 386 Hijra) kọ lórí ìlànà Imam Malik. Ohun tí ó kọ́ wa nípa istinjah ni pé bí ènìyàn bá fi ọwọ́ nu ìdọ̀tí, kí ó fi ọwọ́ náà ra ilẹ̀, kí ó sì fọ̀ ọ́. Ìyá wa Maymuna (kí Ọlọ́run yọ́nú sí i) náà ròyìn irú rẹ̀ nípa ìwẹ̀ jánábà Ànábì. Ó wà nínú Sahih Bukhari. Ẹ wò ó dáadáa: omi wà nílẹ̀, síbẹ̀ a tún ní kí ọwọ́ ra ilẹ̀. Ìdí ni pé ohun tí ó lẹ̀ mọ́ awọ ara, omi nìkan kì í sábà ká a. Iṣẹ́ yìí ni ọṣẹ ń ṣe lónìí. Ó ń tú ọ̀rá àti kòkòrò àrùn kúrò lára awọ, omi yóò sì gbé e lọ. Nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oní-táìsì, níbo ni a ti fẹ́ rí ilẹ̀ ra? A ti fi ilẹ̀ sílẹ̀, a kò sì fi ọṣẹ rọ́pò rẹ̀. Omi búútà nìkan ló kù.

Ti gáréèjì ló burú jù. Dúrọ́ọ̀mù kan, kọ́ọ̀pù kan. Ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí istinjah ló ń ki kọ́ọ̀pù bọ inú omi. Ẹlòmíràn yóò wá bu omi yẹn fọ ẹnu nínú àlùwàlá. Ẹnìkan lè sọ pé àwọ̀, òórùn àti ìtọ́wò omi náà kò yí padà, nítorí náà ó mọ́ fún ìrun. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kòkòrò onígbáméjì lè wà nínú omi láì yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ìdájọ́ ìmọ́ra lọ́tọ̀, àìsàn lọ́tọ̀. Abu Huraira sì gbà á wá pé Ànábì kọ̀ fún ẹni tí ó jí láti orun kí ó ki ọwọ́ bọ ìkòkò omi kí ó tó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí kò mọ ibi tí ọwọ́ náà sùn. Èyí tí a mọ ibi tí ó ti ń bọ̀ ńkọ́?

Nígbà Ebola ní 2014, korobá tí ó ní ẹnu-ẹ̀rọ àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ní Èkó. Àrùn lọ, korobá bá a lọ. Wọ́n tún gbé e jáde ní 2020 nítorí Kòrónà, wọ́n tún kó o wọlé. Ní oṣù kẹfà 2024, onígbáméjì dé sí Èkó.

Mẹkáníìkì kì í jẹun pẹ̀lú ọ́ìlì lọ́wọ́. Yóò fi ọṣẹ bó o títí yóò fi mọ́, nítorí ó ń rí i. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí èyí tí kò rí: ọṣẹ, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, abẹ́ èékánná, fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹlòmíràn máa da omi sí i bí kò bá sí ẹ̀rọ. Ọ̀gá ni kí ó ra ọṣẹ náà, kí ó sì gbé e síta, kí ó má tì í mọ́ inú àpótí ara rẹ̀.