Bí A Ṣe Lè Mú Ọmọ Wa Móoru Láìséwu Lálẹ́ Ìgbà Òtútù

Ẹ̀kọ́ kíkà: 1 Àwọn Ọba 3:16-28

 

Gbogbo wa la mọ ìtàn àwọn obìnrin méjì tí wọ́n du ọmọ níwájú Sólómọ́nì. Idà ọba la máa ń rántí. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo ẹsẹ 19, ẹ ó rí ohun tó pa ọmọ kan nínú wọn: ìyá rẹ̀ sùn lé e lóru. A kò kà á níbẹ̀ pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Oorun ló gbé e lọ. Ìfẹ́ nìkan kò tó, àfi kí ìmọ̀ bá a rìn.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi sí Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, òtútù mú púpọ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí. Mo di ọwọ́ ọmọ mú, ó tutù. Ni mo bá wọ súwẹ́tà méjì fún un, mo dé e ní fìlà, mo da kúbùsù mẹ́ta bò ó. Nígbà tí mo jí láti fún un lọ́yàn, òógùn ti rin irun rẹ̀, àyà rẹ̀ gbóná janjan. Mo yára bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ara rẹ̀ sì wálẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé.

Níbo ni mo ti ṣìnà? Ọwọ́ ọmọ ni mo gbà gbọ́. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìkókó sábà máa ń tutù, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ móoru dáadáa. Àyà rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí ibẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ti tó. Bí ó bá gbóná tàbí tí ó ń làágùn, ẹ dín aṣọ kù.

Nílé, lásìkò ọyẹ́, a lè pọn ọmọ, ìyá tó wà lójúfò a sì mọ̀ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ṣùgbọ́n ìkókó tó dá sùn kò lè ti aṣọ kúrò lójú. Ooru ń gba orí àti ojú rẹ̀ jáde. Bí a bá bò wọ́n, ooru há sínú. Gbígbóná jù wà lára ohun tó ń dá kún ewu ikú òjijì ìkókó lójú oorun.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan:

1. Kí yàrá wà láàárín 16 sí 20 lórí tẹmómítà Celsius.

2. Ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ bí ó bá fẹ́ sùn, kì í ṣe àyà. Láti ìgbà tí ìpolongo lórí èyí ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1991, irú ikú yìí ti dínkù gidigidi. Ẹ̀yin màmá àgbà, bí ìyàwó ọmọ yín bá kọ̀ láti dáyà ọmọ délẹ̀, kì í ṣe àfojúdi.

3. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀tù, kí ó má baà yọ́ wọ abẹ́ aṣọ. Kúbùsù fẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá èjìká. Àpò ìsùn tó bá ọmọ mu náà dára, ṣùgbọ́n kí ẹ má da kúbùsù lé e.

4. Kò sí ìrọ̀rí, kò sí duvet, kò sí fìlà lójú oorun. Kò sí rọ́bà omi gbígbóná tàbí kúbùsù oníná. Kí kọ́ọ̀tù jìnnà sí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná.

5. Fún oṣù 6 àkọ́kọ́, kí kọ́ọ̀tù wà nínú yàrá yín. Ẹ má ṣe gbé ọmọ sùn lórí sófà láé. Ẹni tó mu ọtí, tó ń mu sìgá, tó lo oògùn tó ń kunni lóorun, tàbí tó ti iṣẹ́ òru dé tó rẹ̀ tẹnutẹnu, kò gbọdọ̀ bá ìkókó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí a tó bí i, tàbí tí kò tó kílò 2.5 nígbà tí a bí i.

Mo mọ̀ pé owó gáàsì àti iná ti wọ́n. Síbẹ̀, ẹ má ṣe gbé èédú tàbí sítóòfù kẹrosíìnì wọ yàrá. Afẹ́fẹ́ olóró carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì lè pa gbogbo ilé lójú oorun. Ẹ ra áláàmù rẹ̀.

Bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 bá ní ibà tó dé 38, ẹ pe dókítà tàbí 111 kíákíá. Bí ọmọ kò bá ṣeé jí, 999 ni.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nílé:

Ta ló máa ń tẹ́ ọmọ sùn nílé wa? Ṣé gbogbo wọn ló ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí? Kí la ó kó kúrò nínú kọ́ọ̀tù lálẹ́ òní?

Kí Olúwa bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.