Àkísà Àgbà: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Tọ́jú Peugeot 504

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó ṣì ní Peugeot 504 lágbàlá rẹ̀ ni mo pa òwe yìí fún. Ọdún 1968 ni mọ́tò yìí jáde nílẹ̀ Faransé. Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná, ó sì di mọ́tò ọ̀gá ìjọba, mọ́tò olùkọ́ àti mọ́tò èrò ọ̀nà jíjìn. Wọn ò ṣe é mọ́, àmọ́ àkísà rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀. Ẹni tó mọ pátì í wá ni yóò rí i.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọjọ́ tí mọ́tò bá kú sójú títì kọ́ là ń wá pátì rẹ̀. Nígbà tó ṣì ń rìn dáadáa ni kẹ́ ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ kọ ohun tó ti ń gbó sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa wá a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìkánjú ló ń mú kí èèyàn ra ayédèrú lówó gọbọi.

Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ní bí a ṣe ń ṣe é. Ẹni tó wọ Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí Àràrọ̀mí ní Gate n'Íbàdàn, tó kàn ń béèrè "bíárìn 504", "kò sí" ni yóò máa gbọ́. Ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wo etí irin rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí nọ́ńbà níbẹ̀. Bíárìn tó bá jẹ́ 6204, ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, fífẹ̀ ìta rẹ̀ jẹ́ 47, nínípọn rẹ̀ jẹ́ 14, ì báà jẹ́ ara mọ́tò ló ti jáde, ì báà jẹ́ ara ẹ̀rọ ìlọta. Nọ́ńbà yẹn ni kẹ́ ẹ gbé tọ oníbíárìn lọ.

Ẹ mọ ẹbí mọ́tò yín pẹ̀lú. Peugeot lo irú ẹ́ńjìnnì 2.0 ti 504 fún 505, nítorí náà ajákù 505 lè yọ yín. Síbẹ̀, ẹ gbé èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Síléèfù inú ẹ́ńjìnnì náà sì ṣeé fà yọ, kí a fi òmíràn àti písítìnnì tuntun sí i, láì sọ odidi búlọ́ọ̀kì nù. Ẹ má tètè gbà fún ẹni tó bá ní ẹ́ńjìnnì mọ́tò mìíràn ló kù kẹ́ ẹ gbé wọlé.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run; bẹ́ẹ̀ náà ni pátì rí. Irin tó ti pẹ́ nínú páálí, bí kò bá dípata, ó ṣì lè ṣiṣẹ́. Rọ́bà kò rí bẹ́ẹ̀: inú páálí náà ló ti ń gbó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kọ́. Bó bá sán, ẹ dá a padà. Ní ti bíréèkì, ẹ má ra àlòkù, nítorí ẹ̀mí ò láàrọ̀. Gíláàsì iná iwájú àti bọ́ńpà lè ṣòro rí; ibi tẹ́ ẹ bá ti rí ojúlówó, ẹ rà á, kódà bí tiyín kò tíì bàjẹ́. Ẹ fi gíríìsì pa irin, ẹ fi ọ̀rá wé e, kẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ tó mọ fóònù í lò lè fi nọ́ńbà pátì wá a dé Faransé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àgbà mẹkáníìkì tó mọ 504 láti ìgbà tó wà ní tuntun yóò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, yóò sì mọ ibi tó ti ń dùn ún. Ẹ nílò àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò ti ń gbó ni àgbà yìí náà ń dàgbà, ọ̀pọ̀ ohun tó mọ̀ ni kò sì sí nínú ìwé. Ẹ sanwó iṣẹ́ rẹ̀ pé, kẹ́ ẹ sì rí i pé ọmọ iṣẹ́ kan jókòó tì í nígbàkígbà tó bá ṣí ẹ́ńjìnnì yín.