Ẹ̀kọ́ fún Àgbẹ̀: Èrè Èso Tí A Ń Kó Lọ sí Òkè Òkun

Ẹni tí ó bá dúró ní Dùgbẹ̀ tí ó gbé ojú sókè yóò rí Ilé Kòkó, tí a kọ́ parí ní ọdún 1965. Owó kòkó àti ti àwọn irè oko mìíràn ni a fi kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gbin kòkó náà kò ní ju éékà díẹ̀ lọ. Oko kékeré lè pa owó òkè òkun nígbà náà. Ṣùgbọ́n èló ni ó dé ọwọ́ àgbẹ̀? Iye tí Màkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù ń san fún un sábà máa ń dín sí iye tí wọ́n ń tà á, títí ìjọba fi pa Bọ́ọ̀dù náà rẹ́ ní 1986.

Kòkó tí a sá gbẹ lè wà nínú àpò fún oṣù mélòó kan. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ó pọ́n kò mọ ìdúró, ẹni tí èso rẹ̀ sì ń rà kò lè bá oníbàárà na ọjà. Ẹ wo ilẹ̀ Benin, tí a ń pè ní Dàhòmì tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2016, ìjọba ibẹ̀ fúnra rẹ̀ dá kíkó ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ sí Yúróòpù dúró, nítorí pé oògùn tí wọ́n fi ń mú kí èèpo rẹ̀ pọ́n ju ìwọ̀n tí òfin Yúróòpù gbà lọ. Àti ẹni tí ó lò ó, àti ẹni tí kò lò ó, gbogbo wọn ni ọjà tì mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye náà. Ká ní àgbẹ̀ kórè 1,000 èso. Alájàpá ìlú yóò ra gbogbo rẹ̀ ní 200 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan: 200,000 náírà. Ẹni tí ń kó o ránṣẹ́ sí òkè òkun yóò san 300, ṣùgbọ́n ó ń ṣà á. Bí ó bá mú 600, owó rẹ̀ jẹ́ 180,000; 400 tí ó kọ̀ ti ń rọ̀, wọn kò pa ju 100 lọ. Àpapọ̀ jẹ́ 220,000. Bí ó bá mú 500 péré, 200,000 náà ni, làálàá àyẹ̀wò sì di òfò. Àgbẹ̀ a máa béèrè iye owó, kì í béèrè iye èso tí wọn yóò kọ̀!

Nítorí náà, kí a gbin ọmọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ó dọ́gba pọ̀, kí wọ́n lè so pọ̀. Kí àgbẹ̀ púpọ̀ para pọ̀ kún ọkọ̀ kan lọ́jọ́ kan. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn tí ó wà ní Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn, láti 1975, ni kí a ti béèrè nípa oògùn kí a tó fín ohunkóhun. Kí a sì ti bá ẹni tí ń fún omi èso tàbí tí ń sá a gbẹ ṣe àdéhùn lórí èyí tí wọn yóò kọ̀, kí a tó kórè.