Nígbà tí egungun àgbà bá kán

Ìyá àgbà kan yọ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ gbélẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Ìṣubú kékeré ni. Kí ló dé tí egungun fi kán? Egungun náà ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ tẹ́lẹ̀, bí igi tí ikán ti jẹ nínú.

Títo egungun àti dídì í ni yóò jẹ́ kí ó so. Oògùn kì í mú un yára so. Ṣùgbọ́n oògùn wà tí ń mú egungun le, kí òmíràn má baà kán. Ọ̀kan nínú wọn ni alendronate. Dókítà ni yóò kọ ọ́. Hóró kan tí ó jẹ́ 70 mg ni ọ̀pọ̀ ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Bí ìyá yín bá ń lò ó, kí ó gbé e mì ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ife omi kan, kí ó tó jẹun. Omi lásán ni o, kì í ṣe ẹ̀kọ. Kí ó má dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, nítorí oògùn náà lè dá egbò sí ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn àgbà fẹ́ràn àtipadà sùn. Ẹ jókòó tì wọ́n.

Bí ọwọ́ bá so, ìyá lè ní òun ti san. Kí ó má tìtorí ìyẹn dá oògùn dúró. Ọdún mélòó kan ni wọ́n ń lò ó.

Ìbéèrè: Kí ni oògùn yìí ń ṣe? Kí ni kì í ṣe?