"ÈMI KỌ́ NI MO MÚ UN, MO KÀN NA ÌKA SÍ I NI": Ẹ̀kọ́ Lórí Ọdẹ, Àfọwọ́rá àti Ẹrù Oníkálukú

Bísímílàhi Rahmáánì Rahíìmi. Gbogbo ọpẹ́ àti ìyìn ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó mọ ohun tí ó wà ní ìkọ̀kọ̀ àti ohun tí ó wà ní gbangba. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ara mi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta máa ń gba ọ̀nà oko kọjá bí a bá ti ilé-kéwú dé. Ní ọjọ́ kan, mo rí ọ̀yà kan nínú tàkúté bàbá ọdẹ kan ní àdúgbò wa. Ọ̀yà náà ṣì ń mí. Mo na ìka sí i, mo ní, "Ẹ wò ó!" Ọ̀kan nínú wa tú u, ẹnì kejì dú u. Àní a tilẹ̀ ṣe Bísímílà kí á tó dú u! A dáná, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ ẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá náà kọjá níwájú ilé wa pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ó ń ṣàlàyé fún bàbá mi pé ẹnìkan ti tú tàkúté òun, ẹran tí òun ìbá sì tà láti fi ra oúnjẹ ilé ti lọ. Mo gbọ́, mo sì dákẹ́. Ohun tí mo ń sọ nínú ọkàn mi ni pé, "Èmi kọ́ ni mo tú u. Èmi kọ́ ni mo dú u. Mo kàn na ìka sí i ni." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi ń tu ara mi nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí mo fi kà nípa ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Sàhábà nídìí ọdẹ ṣíṣe. Òun ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí.

ỌDẸ JẸ́ ÌDÁNWÒ

Ọdẹ ṣíṣe kì í ṣe ohun èèwọ̀ nínú Ìsìláàmù. Nínú Suratul-Maaidah, àáyà 4, Ọlọ́hun ṣe ẹran tí ajá ọdẹ tí a ti kọ́ bá mú fún wa ní hàláàlì, bí a bá ti dárúkọ Rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nínú Súrà kan náà, àáyà 94, Ọlọ́hun sọ fún àwọn onígbàgbọ́ pé Òun yóò fi ẹran ìgbẹ́ dán wọn wò. Àwọn ẹran náà yóò súnmọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ wọn àti ọ̀kọ̀ wọn yóò tó wọn, nígbà tí wọ́n wà nínú Ihraam tí ọdẹ ṣíṣe kò sì tọ́ sí wọn. Kí ni ìdí rẹ̀? Kí ó lè hàn kedere ẹni tí ó ń bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ibi tí ojú ènìyàn kò tó.

Ẹ wo bí ìdánwò náà ti rí. Kì í ṣe wúrà, kì í ṣe ìjọba. Ẹran lásán ni, ó sì súnmọ́ tòsí. Igbó ni wọ́n wà, kò sí ọlọ́pàá, kò sí aládùúgbò. Báyìí gan-an ni ìdánwò ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe máa ń rí: ohun kékeré, ní ìtòsí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí wa. Ẹni tí ó bá sì pa ẹran nínú Ihraam, òun fúnra rẹ̀ ni yóò san ìtánràn rẹ̀. Àáyà 95 ló là á sílẹ̀: ẹran ọ̀sìn tí ó bá èyí tí ó pa dọ́gba, tàbí kí ó bọ́ àwọn aláìní, tàbí kí ó gba ààwẹ̀.

TA NI Ó PA Á?

Adiyy ọmọ Hatim (R.A.), ọmọ ọkùnrin ará Tayyi nì tí gbogbo Lárúbáwá mọ̀ sí ọlọ́rẹ, bi Ànábì (S.A.W.) léèrè nípa fífi ajá ṣọdẹ. Ìdáhùn tí ó gbà wà nínú tírà Bukhari àti ti Muslim. Kókó mẹ́ta ni mo fẹ́ mú jáde nínú rẹ̀:

1. Bí ajá bá ti jẹ nínú ẹran náà, má ṣe jẹ ẹ́, nítorí ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ni ajá náà mú un fún.

2. Bí o bá rí ajá mìíràn pẹ̀lú tìrẹ, tí o kò sì mọ èyí tí ó pa á, má ṣe jẹ ẹ́, nítorí ajá tìrẹ ni o dárúkọ Ọlọ́hun sí, o kò dá a sí ti ẹlòmíràn.

3. Bí ẹran tí o ta lọ́fà bá ṣubú sínú omi tí ó sì kú, má ṣe jẹ ẹ́, nítorí o kò mọ̀ bóyá omi ni ó pa á tàbí ọfà rẹ.

Ẹ ò rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dá lé: ta ni ó ṣe é? Kí ọdẹ tó fi ẹran sẹ́nu, ó gbọ́dọ̀ mọ ọwọ́ tí ó pa á. Bí Ìsìláàmù bá béèrè irú èyí nípa ẹran ìgbẹ́, mélòómélòó wá ni nípa owó àti dúkìá ọmọ ènìyàn? Ọdẹ tí ó tiná bọ igbó kí ó lè rí eku pa, tí iná náà sì ran oko kòkó onítọ̀hún, kò lè sọ pé afẹ́fẹ́ ni ó gbé e lọ. Ẹni tí ó da oògùn kòkòrò sínú odò kí ó lè rí ẹja kó, tí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò sì mu omi náà, kò lè sọ pé ẹja ni òun ń wá. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é.

ÌBÉÈRÈ ÀNÁBÌ NÍ ỌDÚN HUDAYBIYYAH

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀rọ̀ ìka nínà. Ní ọdún kẹfà lẹ́yìn Hijrah, Ànábì (S.A.W.) àti àwọn Sàhábà rẹ̀ gbéra láti Madina láti lọ ṣe Umrah. Àwọn tí ó wà pẹ̀lú Abu Qatadah (R.A.) ti wọ Ihraam, ṣùgbọ́n òun kò tíì wọ̀ ọ́. Ó rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ igbó, ó gun ẹṣin rẹ̀, pàṣán rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun mú un. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní ràn án lọ́wọ́ rárá nínú ọ̀rọ̀ náà. Abu Qatadah sọ̀kalẹ̀, ó mú pàṣán rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó lé ẹran náà, ó sì pa á.

Nígbà tí ó gbé e dé, àwọn kan jẹ nínú rẹ̀, àwọn mìíràn kò jẹ, ọkàn wọn kò balẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ànábì (S.A.W.) lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí ó béèrè: ǹjẹ́ ẹnìkan nínú wọn pàṣẹ fún un kí ó lé ẹran náà, tàbí ó na ìka sí i? Wọ́n ní rárá. Ó ní kí wọ́n jẹ èyí tí ó kù.

Nígbà tí mo ka hádíìsì yìí, ọ̀yà ọjọ́ náà ni mo rántí. Àṣé ìka nínà wà nínú ìṣirò! Àwọn Sàhábà kò gbà láti mú pàṣán lásán fún ẹni tí ohun tí ó fẹ́ ṣe tilẹ̀ tọ́ sí òun fúnra rẹ̀. Èmi na ìka sí ohun olóhun, mo sì ń pe ara mi ní aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Àwọn baba wa náà kúkú sọ ọ́: ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ta ni ń na ìka lóde òní? Ọmọ iléèwé tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jí ìwé wò nínú gbọ̀ngán ìdánwò. Ẹni tí ó yá ọmọ Yahoo ní nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ ní báǹkì kí owó jíbìtì lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tí ó ra fóònù ní owó tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe owó ọjà. Arábìnrin tí ó mọ ibi tí owó ti ń wá, tí ó sì ń sọ pé, "Èmi kọ́ ni mo jí i, wọ́n kàn fún mi ni."

KÍ NI À Ń PÈ NÍ KÉKERÉ?

Lẹ́yìn ogun Khaybar, ní ọdún keje lẹ́yìn Hijrah, ọfà kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí ó ta á bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Mid'am, níbi tí ó ti ń sọ ẹrù Ànábì (S.A.W.) kalẹ̀. Ó kú. Àwọn ènìyàn ń kí i kú oríire àlùjánńà. Ànábì (S.A.W.) ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé aṣọ ìbora kan tí ó mú nínú ọrọ̀ ogun kí wọ́n tó pín in ti di iná lé e lórí. Bí ọkùnrin kan ti gbọ́ èyí, ó sáré mú okùn bàtà kan tàbí méjì wá, èyí tí òun náà ti mú. Ànábì (S.A.W.) jẹ́ kí ó mọ̀ pé okùn iná ni.

Okùn bàtà o! Ẹ fi wé ṣéńjì tí kọ́ńdọ́kítọ̀ fọwọ́ bò, bébà ibi iṣẹ́ tí a kó lọ sílé, tàbí owó tí ọmọ ọjà fi lé ọjà ọ̀gá rẹ̀. Lóòótọ́, Sharia fi òdiwọ̀n sí iye ohun tí olè jí kí ìjìyà gígé ọwọ́ tó lè wáyé, kì í sì í ṣe gbogbo àfọwọ́rá ni ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjìyà ni òdiwọ̀n náà wà fún, kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ di hàláàlì.

ÀWÁWÍ WA

"Ebi ló ń pa mí." Ìsìláàmù kò ṣe bí ẹni tí kò mọ ebi. Ìtàn sọ pé Umar (R.A.) dá ìjìyà gígé ọwọ́ dúró ní ọdún ọ̀dá. Adájọ́ máa ń wo ipò ènìyàn. Ṣùgbọ́n fóònù olówó ńlá kì í ṣe oúnjẹ.

"Àwọn ńlá ńlá ń jí bílíọ̀nù." Òótọ́ ni, wọn yóò sì jẹ́jọ́ tiwọn. Nínú Suratul-An'aam, àáyà 164, Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹrù wọn kò ní dín tìrẹ kù.

"Ṣàyìtáánì ló tì mí." Suratu Ibrahim, àáyà 22, sọ ohun tí Ṣàyìtáánì fúnra rẹ̀ yóò wí ní ọjọ́ náà: pé òun kò ní agbára kan lórí wọn, òun kàn pè wọ́n ni, wọ́n sì jẹ́ ìpè. Kí wọ́n má dá òun lẹ́bi, ara wọn ni kí wọ́n dá lẹ́bi.

NÍGBÀ TÍ ÈNÌYÀN DI ẸRAN ỌDẸ

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti burú jù lọ. Abdullah ọmọ Umar (R.A.) kọjá lára àwọn ọ̀dọ́ Kuraiṣi kan tí wọ́n so ẹyẹ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń ta á lọ́fà. Bí wọ́n ti rí i, wọ́n túká. Ó sì sọ fún wọn pé Ànábì (S.A.W.) ṣẹ́bi lé ẹni tí ó bá fi ohun ẹlẹ́mìí ṣe àmì ìtafà.

Bí ẹyẹ bá rí bẹ́ẹ̀, ènìyàn ńkọ́? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn na akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt mẹ́rin, wọ́n sì dáná sun wọ́n nítorí ẹ̀sùn olè. Kò sí adájọ́, kò sí ẹlẹ́rìí. Ní ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tí ó lọ́wọ́ sí i, ọlọ́pàá kan sì wà nínú wọn. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ pọ̀ ju mẹ́ta lọ.

Èrò tèmi nìyí: ogunlọ́gọ̀ kì í lọ sí sàréè, ẹnìkọ̀ọ̀kan ni ń lọ. Ẹni tí ó pariwo "Olè!" láìrí i, ẹni tí ó ju òkúta kan ṣoṣo, ẹni tí ó gbé táyà wá, oníkálukú ni yóò bá ti ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ìjìyà olè wà lọ́wọ́ adájọ́ lẹ́yìn ẹ̀rí, kò sí lọ́wọ́ ará ọjà. Ẹni tí ó bá pa olè lójú pópó nítorí fóònù ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ju ti olè náà lọ fíìfíì.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Tùúbá lórí ohun olóhun ju "Astaghfirullah" lọ. A ó fi í sílẹ̀, a ó kábàámọ̀, a ó pinnu láìpadà sí i, a ó sì dá a padà. Bí ìtìjú bá ń ṣe ọ́, rán ẹni tí o fọkàn tán. Bí olóhun bá ti kú, fún àwọn àrólé rẹ̀. Bí o kò bá rí ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn onímọ̀ ní kí o fi ṣe sàárà ní orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí mo fi máa ní ìgboyà láti wá bàbá ọdẹ wa, ó ti jáde láyé. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni mo bá nílé. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì gbé owó ọ̀yà kan kalẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ní, "Lálẹ́ ọjọ́ náà, gààrí lásán la mu sùn." Ó gba owó náà, ó sì dárí jì mí. Ìdá tèmi ni mo rò pé mo fẹ́ san tẹ́lẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta. Ọlọ́hun ni ó fi mí mọ̀nà tí mo fi san gbogbo rẹ̀, nítorí bí n kò bá na ìka, tàkúté náà kì bá tí tú.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ẸGBẸ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó dákẹ́ nítorí ẹ̀rù àti ẹni tí ó ń ṣọ́nà fún olè?
2. Bí wọ́n bá mú olè ní àdúgbò rẹ, kí ni ìwọ yóò ṣe kí ọlọ́pàá tó dé?
3. Ǹjẹ́ ohun kan wà ní ọwọ́ rẹ lónìí tí ó yẹ kí o dá padà? Èyí, ìwọ nìkan ni kí o dá ara rẹ lóhùn.

Kí Ọlọ́hun fi ẹ̀rù Rẹ̀ sí wa lọ́kàn níbi tí ojú ènìyàn kò tó, kí Ó fi hàláàlì Rẹ̀ rọ̀ wá lọ́rùn kúrò nínú hàráàmù, kí Ó sì forí àṣìṣe wa jìn wá. Aamin. Wassalaam.