Àsopọ̀ Àrà Lórí Igi Tẹ́ẹ́rẹ́: Ara Ọmọ Ni Kí Olùkọ́ Kọ́kọ́ Wò

Nínú eré òkìtì àwọn obìnrin, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí jìmínásíìkì, igi tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára àwọn ohun èlò tó ń dán ìfarabalẹ̀ ọmọ wò jù lọ. Gígùn igi náà jẹ́ mítà 5, ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 péré, ó sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 125. Láàárín ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ọmọ tó ń díje gbọ́dọ̀ fò, kí ó yí po, kí ó ta òkìtì, kí ó sì fò sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dúró ṣinṣin. Àwọn àrà tí olùkọ́ bá ní kí ó so pọ̀ lè fún un ní máàkì, wọ́n sì lè ṣe é léṣe. Ìdí nìyí tí yíyan àsopọ̀ fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera.

Ohun Tí Àsopọ̀ Jẹ́

Àsopọ̀ ni kí ọmọ ṣe àrà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ̀ léra láìdúró. Bí ó bá dúró láàárín wọn, tàbí tí ó tún ẹsẹ̀ gbé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ èkejì, àwọn adájọ́ kò ní kà á sí àsopọ̀. Òfin Àjọ Jìmínásíìkì Àgbáyé, FIG, béèrè àsopọ̀ ijó kan lọ́wọ́ àwọn àgbà eléré, tí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ fífò tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti ya gbọọrọ. Ó tún béèrè àsopọ̀ òkìtì kan, tí ó kéré tán ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ òkìtì tí ọwọ́ kò kan igi. Òfin ọ̀pọ̀ ìdíje ọmọdé fúyẹ́ ju èyí lọ.

Agbára tó kù nínú àrà àkọ́kọ́ ló ń gbé àrà kejì. Bí ọmọ bá ju ara sẹ́yìn, tí ó fi ọwọ́ tẹ igi, tí ó sì sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ kan yóò wà níwájú èkejì lórí ìlà kan náà, yóò sì rọrùn fún un láti wọ inú òkìtì tó kàn. Ṣùgbọ́n bí ìbàdí rẹ̀ bá yà díẹ̀ níbi àkọ́kọ́, àṣìṣe kékeré yẹn yóò di ńlá níbi èkejì. Nítorí náà, pé ọmọ mọ àrà méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò tó. Ìparí ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá ìbẹ̀rẹ̀ èkejì mu.

Ìṣirò Èrè Àti Àdánù

Lábẹ́ òfin FIG, àsopọ̀ tó ṣòro lè mú èrè 0.1 tàbí 0.2 wá. Ìṣubú kan ṣoṣo, ní ìdàkejì, ń gba máàkì 1.0 lọ́wọ́ ọmọ. Àṣìṣe kékeré ń gba 0.1, èyí tó pọ̀ díẹ̀ ń gba 0.3, ńlá sì ń gba 0.5. Èyí túmọ̀ sí pé kí àsopọ̀ tí èrè rẹ̀ jẹ́ 0.1 tó lè san gbèsè ìṣubú kan, ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe é láṣeyọrí nígbà 10. Ọmọ tó ń ṣubú lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbìyànjú 5 ń pàdánù ni, bó ti wù kí àrà náà dùn ún wò tó. Ó yẹ kí olùkọ́ máa kọ iye àṣeyọrí àti ìṣubú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí ó má ṣe fi ọjọ́ tí ara ọmọ yá gágá nìkan ṣe òdiwọ̀n.

Ara Tó Ń Dàgbà

Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin máa ń ga lójijì ní nǹkan bí ọmọ ọdún 11 sí 13, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára àwọn eléré òkìtì. Ẹsẹ̀ á gùn, ara á wúwo sí i, àsopọ̀ tó rọrùn ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ.

Ní ìpẹ̀kun egungun ọmọdé, apá kan wà tó ṣì rọ̀, níbi tí egungun ti ń gùn. Apá yìí kò lágbára tó egungun tó ti gbó, ọrùn ọwọ́ tí ọmọ fi ń tẹ igi sì wà lára ibi tó sábà máa ń jìyà. Bákan náà, títẹ ẹ̀yìn kọdọrọ lọ́pọ̀ ìgbà lè mú kí egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn sán. Ní àkókò ìdàgbà kíákíá, ó dára kí olùkọ́ dín iye ìgbà tí ọmọ ń ju ara sẹ́yìn kù, kí ó sì fi àrà tó ń lọ síwájú tàbí sí ẹ̀gbẹ́ rọ́pò díẹ̀ nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ Tó Yẹ

Orí ìlà tí a fà sí ilẹ̀ ni kí àsopọ̀ tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò dé orí igi tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà orí igi gíga tí a tẹ́ tìmùtìmù tó nípọn yí ká, kí ó tó dé orí igi ìdíje. Bí ọmọ bá ń mì ní ìpele kan, kí ó padà sí èyí tó ṣáájú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í ni ni lára. Kí àsopọ̀ tó le jù wà ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, kí ẹsẹ̀ tó rẹ̀ ẹ́. Kí ọmọ sì ní èyí tó rọrùn ní ìpamọ́, tí ó ti fi dánra wò dáadáa, fún ọjọ́ tí ara kò bá gbà.

Ẹ̀kọ́ Láti Tokyo Àti Paris

Ní ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo, tó wáyé ní ọdún 2021, Simone Biles ti Amẹ́ríkà yọwọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìdíje nígbà tí kò mọ ibi tí ara rẹ̀ wà mọ́ bí ó bá ń yí nínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí ó padà wá fún àṣekágbá orí igi, ó yọ ìyípo kúrò nínú àrà tí ó fi fò sílẹ̀, ó ta òkìtì méjì lásán, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ bàbà. Ní Paris ní ọdún 2024, òun àti Sunisa Lee ṣubú ní àṣekágbá náà. Alice D'Amato ti Ítálì, tí kò ṣubú, ló gba wúrà pẹ̀lú máàkì 14.366.

Bí àgbà òṣèré bẹ́ẹ̀ bá lè dín àrà rẹ̀ kù kí ara rẹ̀ lè là, kò sí ìtìjú níbẹ̀ fún ọmọ ọdún 12. Òfin FIG gan-an kò jẹ́ kí ọmọbìnrin bá àwọn àgbà díje títí di ọdún tí yóò pé ọmọ ọdún 16, nítorí náà àkókò ṣì wà. Bí ọmọ bá ń kérora ẹ̀yìn tàbí ọrùn ọwọ́ tí ìsinmi ọjọ́ mélòó kan kò mú lọ, kí àwọn òbí dá ìdánrawò náà dúró, kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ó bá sì sọ pé ẹ̀rù àsopọ̀ kan ń ba òun, kí olùkọ́ gbọ́ ọ, nítorí òun nìkan ló wà lórí igi.